Bí A Ṣe Ń Wọ Inú Eré Àwàdà Ojú-Ẹsẹ̀ Tí Ó Ti Bẹ̀rẹ̀, Kí Ẹ̀rín Má Baà Kú

Àwọn òṣèré méjì ti wà lórí ìtàgé fún bí ìṣẹ́jú 2, ọ̀rọ̀ wọn ti wọra, àwọn òǹwòran sì ti ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ni ẹnì kẹta já wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó pariwo ọ̀rọ̀ kan tí kò bá ohun tí ó wà nílẹ̀ tan, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́. Mo máa ń rí èyí lemọ́lemọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣe eré ojú-ẹsẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), eré tí a kì í kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ímpró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lédè Faransé. Ẹni tí ó ba ìran jẹ́ báyìí kì í sábà jẹ́ ẹni tí kò lẹ́bùn. Nígbà púpọ̀, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ jù lọ nínú ẹgbẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ẹ̀rín tirẹ̀ ni ó gbé wá, kò wo ẹ̀rín tí ó bá níbẹ̀.

Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun wọlé tàbí ohun tí òun yóò ṣe bí òun bá wọlé, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìran kò sí nínú rẹ̀. Mo gbà pé ẹ ti mọ ìyẹn, àti pé ẹ ti mọ̀ pé ohun tí ẹnì kejì yín bá sọ pé ó wà, ó wà.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò òṣèré 5 sí 7. Bí wọ́n bá kéré sí 4, àwọn tí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní tó. Bí wọ́n bá ju 8 lọ, wọn yóò máa ti ara wọn wọlé. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú tí ó tó nǹkan bíi mítà 4 ní gígùn àti mítà 3 ní ìbú, kí ẹ fi ẹfun fa ààlà yí i ká, nítorí ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìtàgé parí sí yóò ti wà nínú ìran kí ó tó mọ̀. Àga méjì ti tó. Ẹ má ṣe kó aṣọ eré tàbí ohun èlò mìíràn wá. Kí ẹnì kan máa wo aago, kí fóònù kan sì máa gba àwòrán ohun tí ẹ ń ṣe àti àwọn òǹwòran sílẹ̀, nítorí ẹ ó nílò rẹ̀ ní ìparí.

Ẹ fẹnu kò sórí ohun méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èdè tí ẹ ó fi ṣeré, nítorí ní Àjàṣẹ́, níbi tí Yorùbá, Gùn àti Faransé ti ń gba ẹnu kan náà kọjá, ẹni tí ó bá ṣàdédé wọlé pẹ̀lú èdè mìíràn ti yí ibi tí ìran ti ń ṣẹlẹ̀ padà láìmọ̀. Èkejì ni bí ẹ ó ṣe máa fọwọ́ kan ara yín nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gba ipò ẹlòmíràn lórí ìtàgé. Èjìká láti ẹ̀yìn, wẹ́rẹ́, ni a sábà ń fọwọ́ kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan òun, àtẹ́wọ́ kan péré níwájú rẹ̀ ti tó, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìdí.

Ìran tí a ó máa lò bí àpẹẹrẹ

Obìnrin kan jókòó sẹ́bàá títì ní Wàndó, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ìgò epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróò fàyàwọ́, lórí tábìlì. Oní-zémi kan, ìyẹn ọlọ́kadà, ti alùpùpù rẹ̀ dé, epo ti tán, òógùn ti bò ó.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá mi da lítà kan."

"Dúró ná. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Kétu ni mí, ìyá. Epo ni mo fẹ́ rà."

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ ẹ. Ṣé bàbá rẹ mọ̀ pé o wá?"

Obìnrin náà sì rọra fi etí aṣọ rẹ̀ bo ìgò náà lójú.

Ìpele 1: Ẹ wá ìdí ẹ̀rín kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀

Nínú ìran àwàdà tí ó bá dára, ohun kan wà tí kò rí bí ayé ṣe sábà ń rí, tí àwọn òǹwòran sì ń retí kí ó tún ṣẹlẹ̀. Òun ni mò ń pè ní ìdí ẹ̀rín. Nínú ìran wa yìí, kì í ṣe epo ni ìdí ẹ̀rín, kì í ṣe ìkánjú oní-zémi, kì í sì í ṣe oòrùn tí ó ń pa á. Ìdí ẹ̀rín ni pé obìnrin yìí ń ṣe sí ìgò epo bí ìyá ṣe ń ṣe sí ọmọbìnrin tí wọ́n wá tọrọ. Bí ẹ bá ti rí i báyìí, ẹ ti mọ ohun tí ó lè wọlé àti ohun tí kò gbọdọ̀ wọlé.

Ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ọkàn yín: ẹni báyìí ń ṣe sí nǹkan báyìí bí ẹni pé nǹkan báyìí ni. Bí gbólóhùn náà bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí "àti pé" bá wọ inú rẹ̀, ẹ kò tí ì rí i, ẹ dúró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n máa ń gbá ẹ̀rín àkọ́kọ́ mú. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti èèṣì: òṣèré kan kọsẹ̀ lára àga, tàbí ohùn rẹ̀ há. Ẹ̀rín kejì tí ó bá wá láti orísun kan náà ni ẹ lè gbọ́kàn lé. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ gbọ́ ìran náà rárá, nítorí pé láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ro ohun tí wọn yóò wá sọ. Ẹni tí ó bá ń to ọ̀rọ̀ jọ lọ́kàn kò lè gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn.

Àyẹ̀wò: ẹ dá ìran dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ ìdí ẹ̀rín sórí ìwé láìsọ ọ́ síta. Bí ẹni 3 nínú 5 bá kọ ohun kan náà, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí olúkúlùkù bá kọ ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe bú àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjì orí ìtàgé má tíì fi ìdí kankan múlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ bi ara yín bóyá ìran náà nílò yín

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti Ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, rí ní Kétu mọ̀ pé nígbà tí orin bá ń jáde lẹ́nu ẹlẹ́fẹ̀, ẹlẹ́gbè kì í dá orin mìíràn mọ́ ọn lẹ́nu. Orin tí ẹlẹ́fẹ̀ dá ni ó ń gbè, ó sì ń gbè é lọ́nà tí orin náà yóò fi tóbi ju ẹnu ẹnì kan lọ. Ẹlẹ́gbè ni ẹni tí ó ń wọ inú ìran. Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú ju gbogbo ohun yòókù lọ.

Ìdí mẹ́rin ni mo mọ̀ tí ó fi yẹ kí ènìyàn wọlé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti dárúkọ ẹnì kan tàbí nǹkan kan tí kò sí níbẹ̀, tí rírí rẹ̀ yóò sì fi kún ìdí ẹ̀rín. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti há mọ́ àwọn méjèèjì lọ́fun, wọ́n sì nílò ìrànwọ́ díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdí ẹ̀rín ti hàn gbangba, ó sì tó láti gbé e lọ sí ibòmíràn. Tàbí kí ó jẹ́ pé ìran náà ti tó òpin. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ dúró sí ibi tí ẹ wà. Ìdúró náà kì í ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ẹ lè ran ìran lọ́wọ́ láìkọjá ààlà ẹfun rárá. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè fi ẹnu ṣe ariwo alùpùpù tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, tàbí ohùn àwọn ọlọ́jà láti òkèèrè. Àwọn ọ̀dọ́ kì í ka èyí sí, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ariwo ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, tí ó kú ní àkókò tí oní-zémi ń bẹ ìyá elépo, gba ẹ̀rín ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ.

Èmi pẹ̀lú ti jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé-ìwé kan ní Ṣábẹ, àwọn ọmọ méjì ń ṣe ìran àwọn ọmọ ìyá tí ń pín ogún àga kan ṣoṣo tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ó sì ń lọ geere. Mo wọlé bí bàbá náà tí ó jí dìde. Àwọn òǹwòran pariwo ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́, nítorí bí bàbá bá ti jí, ogún ti tán, ìran sì ti tán pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rín kan ni mo gbà fún ara mi, mo sì gba bíi mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ó dùn mí títí di òní.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ìran mẹ́ta, kí olúkúlùkù sọ iye ìgbà tí ó fẹ́ wọlé tí kò sì wọlé. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí kò tíì ṣe ìpele yìí.

Ìpele 3: Ìwọlé-jáde

Ẹ wọlé, ẹ sọ gbólóhùn kan tàbí méjì tí yóò bu epo sí iná ìdí ẹ̀rín, kí ẹ sì jáde. Nínú ìran wa, òṣèré kan wọlé pẹ̀lú gèlè tí ó ti yẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú:

"Àbúrò mi, ọmọ tí a ń tọ́ láti àárọ̀! Ṣé ọkọ yìí tilẹ̀ ní ilé tí yóò gbé e sí, àbí inú táǹkì tóóró yẹn náà ni?"

Ó kúnlẹ̀ ti ìgò náà, ó sọ pé, "Ó dàárọ̀ o, ọmọ mi," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe. Ní gbólóhùn àkọ́kọ́ ni a ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá elépo ni. Ó gba ohun tí obìnrin náà gbà gbọ́ bí òtítọ́, ó sì fi ohun kan kún un, ìyẹn ni pé táǹkì ni ilé ọkọ. Kò dúró kí wọ́n bi í ní ìbéèrè.

Ẹni tí ó wọlé tí kò mọ bí yóò ṣe jáde ni ó ń ba ìpele yìí jẹ́. Ẹ ti mọ ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó wọlé: ẹ ń lọ sọ fún ará ilé, ẹkún ti pọ̀ jù, ọmọ ń ké. Ewu kejì ni ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú agbára tí ó ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Bí ẹnì kan bá já wọlé bí aṣọ́bodè tí ń pariwo pé "Kí gbogbo yín dọ̀bálẹ̀!", ìran ìtọrọ ọmọ ti di ìran ẹ̀rù, kò sì sí bí ìyá ṣe lè máa bá ìbéèrè rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mú aṣọ́bodè wọlé dandan, kí ó wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti tọrọ ìgò náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kọ̀ fún.

Àwọn tí ó wà lórí ìtàgé náà ní iṣẹ́ tiwọn: kí wọ́n kọjú sí ẹni tí ó wọlé, kí wọ́n pè é ní orúkọ tàbí ipò tí ó bá a mu, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ. Ẹ má ṣe fà á lápá padà nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Àyẹ̀wò: nígbà tí àlejò bá jáde, àwọn méjì tí ó kù gbọ́dọ̀ lè máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ láti ibi tí wọ́n wà, kí ó sì rọrùn fún wọn ju ti ìṣáájú lọ. Bí wọ́n bá wo ara wọn láìmọ ohun tí wọn yóò sọ, ìwọlé náà gba nǹkan lọ́wọ́ ìran ni, kò fi nǹkan kún un.

Ìpele 4: Fífọwọ́ kan èjìká

Níbí, ẹ ń gba ipò ẹnì kan. Ẹ fọwọ́ kan èjìká ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ẹni náà jáde lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó kù kò yí ìwà padà, ẹ̀yin sì sọ ibi tí ẹ wà nínú gbólóhùn yín àkọ́kọ́. Ìbéèrè tí ó ń dà àwọn ènìyàn láàmú ni ti ẹni tí ó yẹ kí a fọwọ́ kàn. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ìdí ẹ̀rín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ pé nínú ìran ni kí ẹ gba ipò rẹ̀. Nínú ìran epo, oní-zémi ni yóò jáde. Ẹ̀yin yóò wọlé, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀:

"Ìyá, ẹ kú ilé o. Aládùúgbò yín ni mí, jẹnẹrétọ̀ mi ni ó ní kí n wá bá òun tọrọ."

"Jẹnẹrétọ̀? Èyí tí ó ń ké ní gbogbo òru? Ọmọ mi kò lè fẹ́ oníjàgídíjàgan."

A ti kúrò ní Wàndó, a ti dé ilé obìnrin náà, ìwà rẹ̀ kò sì yẹ̀. Oní-zémi lè fọwọ́ kan èjìká aládùúgbò lẹ́yìn náà kí ó padà sí ẹ̀bá títì. Àwọn òǹwòran yóò bá a padà láìsí àlàyé.

Ẹni tí a bá fọwọ́ kàn kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kankan. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ènìyàn, pàápàá bí ọ̀rọ̀ dídùn bá wà létè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lọ. Bákan náà, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí kò tíì sọ gbólóhùn méjì.

Àyẹ̀wò: ẹ bi ẹni tí kò mọ eré yìí pé kí ó sọ ibi tí ìran kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀. Bí ó bá lè sọ gbogbo rẹ̀ láìṣiyèméjì, ẹ ṣe é dáadáa.

Ìpele 5: Gbígbé ẹ̀rín ga

Ìpele yìí ni ó gba sùúrù jù, òun sì ni mo máa ń lo àkókò púpọ̀ jù lọ lé lórí. Láti gbé ẹ̀rín ga ni láti tún ìdí ẹ̀rín kan náà ṣe, kí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ díẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn: bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ lójú obìnrin yìí, kí ni nǹkan mìíràn tí yóò jẹ́ òtítọ́ lójú rẹ̀? Bí ìgò epo bá jẹ́ ọmọbìnrin, ìdána wà. Bí ìdána bá wà, àkọsílẹ̀ ẹrù wà. Bí ó bá ń lọ sílé ọkọ, ẹkún ìyàwó wà. Ẹ wo bí àtẹ̀gùn náà ṣe lọ:

Ó bèèrè orúkọ bàbá oní-zémi. Lẹ́yìn náà ó ka ẹrù ìdána: obì, orógbó, ataare, oyin, ìgò òfìfo méje, àti aṣọ funfun tí a fi ń sẹ́ epo. Nígbà tí epo ń dà sínú táǹkì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sun ẹkún ìyàwó láti ẹ̀gbẹ́, ní ohùn tòótọ́. Ìyá wá kan táǹkì, ó dẹ etí sí i: "Ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ?"

Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ju èyí tí ó ṣáájú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó fò ju ẹsẹ̀ lọ. Bí ó bá ti orúkọ bàbá bọ́ sórí ẹkún ìyàwó tààrà, àwọn òǹwòran kò ní mọ ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀, kò sì ní sí ibi tí ẹ tún lè gùn.

Ariwo kì í ṣe gíga. Èyí ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ: bí ẹ̀rín bá fẹ́ rẹlẹ̀, òṣèré á gbé ohùn sókè, á máa fo kiri, ìdí ẹ̀rín á sì wà ní ibi tí ó wà. Ohun tí ó ń gbé e ga ni kí ọ̀rọ̀ túbọ̀ ṣe pàtó. "Ẹrù púpọ̀" kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. "Aṣọ funfun tí a fi ń sẹ́ epo" pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo ènìyàn ní Àjàṣẹ́ ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìgò.

Ẹ má ṣe mú ohun àjèjì kejì wá. Bí ìgò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí oní-zémi sì tún di iwin, ẹ ti ní ìran mẹ́ta nínú ìkòkò kan. Pẹ̀lú ìyẹn, oní-zémi kò gbọdọ̀ sọ orí rẹ̀ nù. Kí ó máa yà á lẹ́nu, kí ó máa wo aago, kí ó sì máa gbà nítorí pé ó nílò epo. Ìgbà tí ó bá gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ó kù láti bá àwọn òǹwòran ronú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kópa nínú ìdíje ímpró oníreferí, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Montréal ní Kánádà ní 1977, tí òṣèré mẹ́fà mẹ́fà ń kojú ara wọn, ẹ mọ̀ pé referí lè fọn fèrè sí ẹni tí ó bá fi tipátipá ti èrò tirẹ̀ sórí ìran, tàbí ẹni tí ó ba ìran jẹ́ nítorí àtigba ẹ̀rín yẹpẹrẹ. Mo gbà pé òfin méjèèjì yẹn tọ́, kódà níbi tí kò bá sí referí.

Bí ẹ bá ti gùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, tàbí nípa ọ̀nà Kétu, fún bí ìlà mẹ́rin, kí ìdí ẹ̀rín tó padà.

Àyẹ̀wò: nínú fídíò, ẹ kọ ohun tí ìyá elépo ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá lè yí ipò ìlà méjì padà láìsí ohun tí yóò bàjẹ́, ẹ kò gun nǹkan kan láàárín wọn.

Ìpele 6: Gígé ìran

Nígbà tí ẹ̀rín bá dé góńgó ni kí ẹ gé e. Ẹ má ṣe dúró kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò sáré gba iwájú ìtàgé kọjá láti ọ̀tún sí òsì, àwọn tí ó wà lórí ìtàgé yóò sì jáde. Kí ó sáré tọkàntọkàn; ẹni tí ó bá rìn pẹ̀lú iyèméjì, àwọn òǹwòran yóò rò pé òun náà wà nínú ìran.

Nínú ìran wa, oní-zémi padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìgò òfìfo.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó ti jó tán, ìyá."

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi ńkọ́?"

Oní-zémi yíjú sẹ́yìn, ó sì na ọwọ́ sí èéfín tí ó ń lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sáré. Bí ẹ bá dúró fún gbólóhùn kan sí i, ẹ ti pẹ́ jù.

Àyẹ̀wò: ẹ wo fídíò náà láìsí ohùn, kí ẹ máa wo àwọn òǹwòran nìkan. Ẹ dá a dúró ní ibi tí eyín ti hàn jù, kí ẹ sì wo bóyá ẹni tí ó gé ìran ti ń sáré. Bí ó bá ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún ìran náà ṣe láti gbólóhùn "Ọmọ mi dà?" títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi bá ẹ̀rín náà dé lẹ́ẹ̀kan náà.